Ẹ̀yìn ike ni kí ẹ kà: bí a ṣe ń díwọ̀n adùn tí kì í ṣe ṣúgà

Sóbò ni mò ń ṣe tà ní Ìbàdàn. Mo ń ṣe é fún ìgbéyàwó, fún òkú àgbà, fún ìsọmọlórúkọ, mo sì ń gbé e fún àwọn ilé ìtajà kéékèèké ládùúgbò. Púpọ̀ nínú àwọn oníbàárà mi ni dókítà ti sọ fún pé kí wọ́n jìnnà sí ṣúgà, nítorí náà kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan kì í bi mí pé: "Ìyá Sóbò, àwọn nǹkan tí wọ́n fi ń rọ́pò ṣúgà yìí, ṣé wọn kì í fa jẹjẹrẹ?" Èsì mi kì í yí padà: ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ èyí tó wà nínú ohun tí ẹ fẹ́ mu, ká mọ iye rẹ̀, ká sì mọ bí ẹni tó fẹ́ mu ún ṣe tẹ̀wọ̀n tó. Ẹni tó bá mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè pinnu fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, àhesọ ni yóò máa gbé kiri.

Bí mo ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níbí. Ó ń dùn mí pé agolo tí wọ́n kọ gbogbo nǹkan sí lára la máa ń pariwo lé lórí, bẹ́ẹ̀ ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń dì sí ọ̀rá tà lọ́jà wa láìsí àkọlé kankan ló yẹ kó máa bà wá lẹ́rù.

Ẹ yí ike náà padà

Ẹ má wo iwájú ike. Iwájú ni wọ́n ń kọ ohun tó máa jẹ́ kí ẹ rà á sí. Ẹ yí i sẹ́yìn, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Ingredients" sí, kí ẹ fara balẹ̀ ka lẹ́tà kéékèèké abẹ́ rẹ̀. Orúkọ tí ẹ ń wá nìwọ̀nyí: aspartame, acesulfame K, sucralose, saccharin, cyclamate, neotame, steviol glycosides. Nígbà mìíràn wọn kì í kọ orúkọ, nọ́ńbà ni wọn yóò kọ, tí INS tàbí E máa ṣáájú rẹ̀. 950 ni acesulfame K, 951 ni aspartame, 952 ni cyclamate, 954 ni saccharin, 955 ni sucralose, 960 ni èyí tó wá láti ara ewé stevia, 961 ni neotame. Mo kọ wọ́n sára páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń wá ra omi tútù sì ti mọ̀ wọ́n sórí jù mí lọ.

Ẹ má sì rò pé ohun mímu tí kò bá kọ "zero" tàbí "diet" síwájú kò lè ní wọn. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́rìndòdò ló jẹ́ pé ṣúgà àti adùn àtọwọ́dá jọ wà nínú rẹ̀ ni. Fún ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Bírítéènì, ìdí kan wà tí ẹ fi ń rí i káàkiri. Láti oṣù kẹrin ọdún 2018 ni ìjọba ibẹ̀ ti ń gba owó orí lórí ohun mímu tí ṣúgà inú rẹ̀ bá tó gíráàmù 5 nínú mìlílítà 100, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì dín ṣúgà kù kí wọ́n má bàa san án, wọ́n fi adùn mìíràn dí àlàfo rẹ̀. Òfin ibẹ̀ tún ní kí wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ọjà náà pé adùn àtọwọ́dá wà níbẹ̀. Náírà 10 lórí lítà kọ̀ọ̀kan ni ti Nàìjíríà, òfin ìnáwó ọdún 2021 ló mú un wá, ṣùgbọ́n kò ya èyí tí ṣúgà rẹ̀ pọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ṣúgà rẹ̀ kéré. Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n bi, ǹ bá ní kí wọ́n ṣe é bíi ti Bírítéènì, kí wọ́n sì sọ ọ́ di dandan pé kí àkọlé rẹ̀ hàn gbangba níwájú.

Bí ẹ bá rí i tí wọ́n kọ pé "contains a source of phenylalanine", aspartame ló wà níbẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n bí pẹ̀lú àìsàn tí wọ́n ń pè ní phenylketonuria, ara wọn kò lè fọ́ phenylalanine, èròjà kan tó wà nínú aspartame, bó ṣe yẹ. Wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán fún wọn: kí wọ́n má fẹnu kan aspartame rárá.

Ìṣirò tí ọmọ kíláàsì kẹrin lè ṣe

Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ kan wà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, jọ gbé kalẹ̀, JECFA lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti sọ iye tí ènìyàn lè máa jẹ lójoojúmọ́ títí dọjọ́ alẹ́ láìsí ewu. Wọn yóò wá ìwọ̀n tó ga jù lọ tí wọ́n fún ẹranko jẹ tí kò ṣe é ní nǹkan kan, wọn yóò pín in, lọ́pọ̀ ìgbà sí ọ̀nà 100, ìdá kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ni wọ́n á fún ènìyàn. Iye tí wọ́n fún kílò kọ̀ọ̀kan ìwúwo ara nìyí: aspartame, mìlígíráàmù 40, acesulfame K, 15, sucralose, 15, cyclamate, 11, saccharin, 5. Ní Amẹ́ríkà, FDA, àjọ tó ń ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, gba 50 fún aspartame, ṣùgbọ́n 5 péré ni wọ́n gbà fún sucralose. Bí ìwọ̀n méjì bá ta kora báyìí, èyí tó kéré ni mo máa ń lò fún ọmọdé.

Ẹ wá mú ọmọ tó tẹ̀wọ̀n kílò 20. Fún aspartame, 20 lọ́nà 40 jẹ́ mìlígíráàmù 800 lójúmọ́. Ẹ̀yìn ike kì í sábà sọ iye tó wà nínú rẹ̀, nítorí náà mo máa ń gbà pé ilé iṣẹ́ náà lo èyí tó pọ̀ jù tí òfin fàyè gbà. Ìlànà Codex, ìyẹn ìlànà oúnjẹ tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jọ fọwọ́ sí, fún ohun mímu ni mìlígíráàmù 600 nínú lítà kan, ìyẹn 300 nínú ike 50cl. Ike méjì ààbọ̀ lé díẹ̀ ni ọmọ náà yóò mu kó tó dé ààlà. Àgbàlagbà tó tẹ̀wọ̀n kílò 70 ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ lọ́dún 2023 pé bí agolo kan bá ní mìlígíráàmù 200 sí 300, ó máa mu agolo 9 sí 14 lọ́jọ́ kan kó tó kọjá ààlà, bí kò bá sí aspartame nínú ohun mìíràn tó jẹ.

Bó bá jẹ́ cyclamate ni, ọ̀rọ̀ yí padà. Ọmọ kílò 20 yẹn kan náà ní mìlígíráàmù 220 péré. Yúróòpù fàyè gba 250 nínú lítà, ìyẹn 125 nínú ike 50cl. Ike méjì ti kọjá ààlà. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ mọ orúkọ rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù tàbí kí ẹ tó fọkàn balẹ̀.

Ìyẹ̀fun inú ọ̀rá

Ibí ni mo fẹ́ ká dúró sí dáadáa.

Bí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń ta èlò sóbò, ewé ìṣápá pupa, ata ilẹ̀, kànáfùrù, ẹ óò rí ọ̀rá kékeré kan tí kò ju ìka méjì lọ, ìyẹ̀fun funfun tó kúná bí iyọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Inú àpò ńlá kan ni wọ́n ti bù ú. Kò sí orúkọ, kò sí nọ́ńbà NAFDAC, kò sí ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Ẹ béèrè ohun tó ń jẹ́, wọ́n á ní "sákárìn ni", tàbí "sweetener ni, ẹ bù díẹ̀ sí i". Ẹ béèrè díẹ̀ tó mélòó, wọ́n á fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ júwe fún yín.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀ yẹn. Sákárìn, ìyẹn saccharin, dùn tó nǹkan bí ìlọ́po 300 ṣúgà. Kẹ́ẹ̀gì sóbò 20 lítà tí èèyàn ì bá fi ṣúgà kílò 2 sí kó tó dùn, sákárìn bíi gíráàmù 6.7 ti tó o. Kò tó ṣíbí tíì méjì. Ẹ pín in sí ike 50cl, ike kọ̀ọ̀kan yóò gba nǹkan bíi mìlígíráàmù 167. Ẹ padà sọ́dọ̀ ọmọ wa tó tẹ̀wọ̀n kílò 20: 5 lọ́nà 20, mìlígíráàmù 100 ni tirẹ̀ lójúmọ́. Ike kan ṣoṣo ti gbé e kọjá. Yúróòpù kò sì jẹ́ kó ju mìlígíráàmù 80 lọ nínú lítà ohun mímu kan, tí í ṣe 40 nínú ike yẹn. Sóbò onísákárìn tí a fi ìka bù ti di ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀, ọmọ ilé ìwé sì ń rà á mu lójoojúmọ́ lásìkò ìsinmi.

Mo ṣì gbà níbẹ̀ pé sákárìn ni lóòótọ́. Bó bá jẹ́ cyclamate ni wọ́n bù sínú ọ̀rá ńkọ́? Nǹkan bí ìlọ́po 30 ṣúgà ni ìyẹn. Sucralose, 600. Ṣíbí kan náà, ìyẹ̀fun funfun kan náà, ohun tó wà nínú rẹ̀ fi ìlọ́po mẹ́wàá, àní ogún, yàtọ̀ síra wọn. Kò sí ìṣirò tó lè dúró lórí ohun tí a kò mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn kan ní àwọn lè tọ́ ọ wò: sákárìn máa ń fi ìkorò díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ahọ́n. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ahọ́n kò lè sọ iye fún yín, kò sì lè sọ ohun mìíràn tí wọ́n pò mọ́ ọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ohun mímu tà bíi tèmi, ohun tí mo ń ṣe rèé. Inú agolo tàbí ike tí wọ́n lẹ̀ pa láti ilé iṣẹ́ ni mo ti ń rà á, tí orúkọ rẹ̀, àdírẹ́sì ilé iṣẹ́, nọ́ńbà NAFDAC, nọ́ńbà àdìpọ̀, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí yóò kọjá lò wà lára rẹ̀. Ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré oníbátìrì tí àwọn tó ń ta wúrà ń lò, èyí tó lè wọn ìdá gíráàmù. Ṣíbí kì í ṣe òṣùwọ̀n nínú iṣẹ́ yìí. Mo máa ń wọn sákárìn gíráàmù 8, mo á yọ́ ọ sínú omi tí mo ti sè tó sì ti tutù títí tó fi pé lítà kan. Mìlílítà 200 nínú omi náà ní gíráàmù 1.6, òun ni mo ń da sínú kẹ́ẹ̀gì 20 lítà, ó sì jẹ́ mìlígíráàmù 80 gẹ́ẹ́ nínú lítà kọ̀ọ̀kan. Adùn rẹ̀ kò ju ti ṣúgà tó dín díẹ̀ ní ìdajì kílò lọ, nítorí náà mo máa ń fi omi ọ̀pẹ òyìnbó kún un, mo sì máa ń sọ fún oníbàárà pé sóbò mi kì í dùn fọ̀fọ̀. Àwọn tí kò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ máa ń lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Mi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n mi ò lè fi kún un.

Ọ̀rọ̀ iná náà wà níbẹ̀. Iná máa ń fọ́ aspartame, adùn rẹ̀ á sì lọ, nítorí náà ẹ má sè é. Ìgbà tí ohun mímu bá ti tutù ni kí ẹ fi sí i. Sákárìn àti acesulfame K lè fara da iná. Ní ti sucralose, BfR, àjọ tó ń yẹ ewu inú oúnjẹ wò ní ilẹ̀ Jámánì, kìlọ̀ lọ́dún 2019 pé bí ó bá gbóná kọjá 120°C, àwọn èròjà tó ní chlorine nínú, tí kò dára fún ara, lè jáde nínú rẹ̀. Sóbò tó ń hó kò dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n kéèkì, búrẹ́dì àti chin-chin ń kọjá ibẹ̀ dáadáa. Ẹ má fi yan nǹkan.

Bó bá jẹ́ ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ni

Adùn wọ̀nyí fúnra wọn kì í gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè. Lóṣù karùn-ún ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wá nímọ̀ràn pé ká má lò wọ́n torí kí a lè fọn, nítorí wọn kò rí i pé ó ń ṣe àǹfààní tó máa pẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ àwọn tó ti ní àtọ̀gbẹ tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ nínú ìmọ̀ràn yẹn. Nítorí náà, bí àtọ̀gbẹ bá wà lára yín, tí dókítà yín sì fara mọ́ ọn, ẹ má jẹ́ kí aládùúgbò já a gbà lọ́wọ́ yín. Ohun tí ẹ máa ṣọ́ ni ohun tó bá a rìn. Páálí kéékèèké tí wọ́n ń dà sínú tíì sábà máa ń ní dextrose tàbí maltodextrin tí wọ́n fi kún un kó lè pọ̀ lójú, àwọn yẹn sì ń di ṣúgà nínú ara. Bisikíìtì tí wọ́n kọ "sugar free" sí ṣì ní ìyẹ̀fun àlìkámà.

Ohun kan wà tí mo máa ń sọ fún gbogbo ilé tí mo bá gbé sóbò tí mi ò fi ṣúgà sí lọ, kódà bí wọn kò bi mí. Bí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń lo ínsúlíìnì tàbí oògùn àtọ̀gbẹ bá já wálẹ̀ lójijì, tó ń làágùn, tó ń gbọ̀n, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́, ẹ má fún un ní "zero", ẹ má sì fún un ní sóbò mi. Wọn kò ní ṣúgà tó pọ̀ tó láti ràn án lọ́wọ́. Ṣúgà gidi ló ń fẹ́: ṣíbí tíì mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú omi, tàbí nǹkan bí ìdajì ife ẹlẹ́rìndòdò tó ní ṣúgà, kí ẹ sì wò ó lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bí kò bá mọ ara rẹ̀ mọ́, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíá. Nínú ilé tí gbogbo ohun mímu inú fíríìjì ti di aláìní-ṣúgà nítorí bàbá, ẹ tọ́jú páálí ṣúgà kan síbi tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀.

Ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ọdún 1879 ni wọ́n rí sákárìn ní yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1977 ni FDA fẹ́ fòfin dè é, nítorí ìwádìí kan láti Kánádà fi hàn pé ó fa jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ lára eku. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kò jẹ́ kí wọ́n dè é, wọ́n ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sí i lára. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ rí i pé bí ìtọ̀ akọ eku ṣe rí ló fà á, ti ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 2000 ni wọ́n yọ ìkìlọ̀ náà. Cyclamate kò rí bẹ́ẹ̀: Amẹ́ríkà ti fòfin dè é láti ọdún 1969, títí dòní kò tíì padà, bẹ́ẹ̀ Yúróòpù gbà á láyè. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ yín ní Houston tàbí Atlanta, ẹ wo 952 lẹ́yìn ike kí ẹ tó dì í.

Ti aspartame ló dé kẹ́yìn. Ní ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 2023, IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, fi í sí ìpele 2B, ìyẹn àwọn ohun tó ṣeé ṣe kí wọ́n fa jẹjẹrẹ ṣùgbọ́n tí ẹ̀rí rẹ̀ kò tíì tó. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, JECFA sọ pé àwọn kò rí ìdí tí àwọn fi máa yí 40 padà. Ìdajì ìròyìn yẹn ló dé orí WhatsApp wa. IARC ń béèrè bóyá nǹkan lè fa jẹjẹrẹ. JECFA ń béèrè iye tí kò ní fà á. Ìdáhùn kejì ló wúlò fún ẹni tó dúró níwájú fíríìjì.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "ti ìbílẹ̀ ni" tàn yín. Ewé eéran tí a fi ń pọ́n ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, èso pupa tó ń so nísàlẹ̀ rẹ̀ ní adùn kan tí wọ́n ń pè ní thaumatin, tó dùn ju ṣúgà lọ ní ìlọ́po tó lé ní 2,000. Àwọn aláṣẹ Yúróòpù fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀, 957, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bí wọ́n ṣe yẹ àwọn tó kù wò. Ó wu mí púpọ̀ pé kí àwa tí ewé náà ń hù lẹ́yìnkùlé wa máa yọ adùn yẹn tà, ṣùgbọ́n kí a wọ̀n ọ́n.

Ní ti ọmọ ọwọ́, mi ò ní sọ púpọ̀. Yúróòpù kò gba adùn àtọwọ́dá láyè rárá nínú oúnjẹ tí wọ́n ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, èmi náà kò sì rí ìdí kankan tó fi yẹ kó wọ inú ògì ọmọ. Ẹ jẹ́ kó mu ògì bó ṣe rí.

Ẹ̀yin oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kọ ọ́ sára ike yín. Ohun tó wà lára tèmi nìyí: "Sóbò. Omi, ewé ìṣápá, ọ̀pẹ òyìnbó, ata ilẹ̀, sákárìn (954) mìlígíráàmù 80 nínú lítà kan. Ọmọ tó tẹ̀wọ̀n kílò 20 kò gbọ́dọ̀ mu ju ike méjì lọ lójúmọ́. Kì í ṣe fún ẹni tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ já wálẹ̀." Ọjọ́ tí mo ṣe é àti nọ́ńbà fóònù mi wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ilé ìtajà kan ní kí n yọ ìlà tó sọ̀rọ̀ ọmọdé kúrò, pé kò jẹ́ kí ọjà yá. Mo kó sóbò mi kúrò níbẹ̀.